Ẹsẹ̀ Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Kọ̀ǹpútà kú láàárọ̀ yìí. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ó kùn, ó tún kùn, òórùn wáyà tó ń jó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ sì ṣú pátápátá. Mo dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Àbúrò mi yọjú láti ẹ̀yìn, níbi tó ti ń gé awọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń jó?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ó lé méjìlá ló ń jó."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú mi ló gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Gbogbo oníbàárà wa ló wà níbẹ̀: gígùn ẹsẹ̀, ìbú, yíyípo, ibi tí eegun ti yọ síta, ẹsẹ̀ tó kúrú ju èkejì lọ àti iye tó fi kúrú. Àbúrò kì í fi ọ̀bẹ kan awọ àfi tí mo bá ka nọ́ńbà sí i létí. Bàtà mẹ́rìnlá la sì gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti ọdún mọ́kànlá, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń kó ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sórí fláàṣì. Mi ò pa á jẹ rí, títí kan ọ̀sẹ̀ tí a sin bàbá wa. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Lọ́la, a ó pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí títí di báyìí, kò tíì yé orí mi.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé ní aago mẹ́wàá. Ó-Ṣeé-Ṣe là ń pè é, torí kò sí òkú ẹ̀rọ tí a gbé fún un rí tí kò ní sọ pé ó ṣeé ṣe. Mo na fláàṣì mi sí i, ìgbéraga díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń ṣe é?"

"Èmi ni. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì."

"Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

Mo ṣàlàyé fún un. Àwòrán bàtà kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà, òun la máa ń tẹ̀ kí prógíráàmù tó ṣí. Òun ni mo máa ń fà lọ sórí fláàṣì.

Ó mí kanlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Gbogbo Ẹtì lẹ ń kó ilẹ̀kùn, ẹ ò kó nǹkan kan nínú ilé."

Ọdún mọ́kànlá! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀ta Ẹtì. Ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo dìde lórí ibùsùn wá kó ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin ń rọbí, mo ní kí wọ́n dúró dè mí díẹ̀, mo lọ kó ilẹ̀kùn.

Àbúrò jáde síta. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló lọ rín, mi ò bá a wí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Ilẹ̀kùn!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ó-Ṣeé-Ṣe tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ lórí tábìlì tí a fi ń gé awọ. Ohun tó kọ́kọ́ jábọ́ níbẹ̀ ni ẹyin ọmọ́ńlé mẹ́ta. Mo figbe ta. Èmi tí mo ń fi aṣọ funfun nu ara rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ́ńlé ti sọ inú rẹ̀ di ilé ìgbẹ̀bí!

Ó ní pátákó ńlá inú rẹ̀ ti jó. Ibi tí àkọsílẹ̀ wà ò jọ pé ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n prógíráàmù wa ti dàgbà jù, kò ní ṣí lórí kọ̀ǹpútà ayé òde òní. Àfi kí òun rí irú rẹ̀ gan-an níbìkan, kí òun yọ pátákó tirẹ̀ sínú èyí. "Irú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe." Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bó ṣe jáde báyìí, Àbúrò fa ìwé kan yọ lápò. Ìwé náà ti gbó ní gbogbo ibi tó ká a sí, ó túmọ̀ sí pé ó ti pẹ́ lápò rẹ̀. Ìpolówó sísítẹ̀mù tuntun ni: kọ̀ǹpútà tuntun, pẹ̀lú àwo dígí tí oníbàárà máa dúró lé, tí yóò sì ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Iye rẹ̀ tó owó ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Ilé ọba kọ́ ló jó, ilé tèmi ni. Ta ló fẹ́ bá mi bu ẹwà sí i?"

"Tí a bá tún èyí ṣe lónìí, tó bá tún kú lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ṣé sísítẹ̀mù yẹn mọ ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà wa?"

"Kò mọ̀ ọ́n. A máa tún gbogbo wọn wọ̀n ni."

"Ta la fẹ́ tún wọ̀n? Mo ń wọ̀n wọ́n lọ́dọọdún! Ọdọọdún! Kí n wá kó iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá dànù torí àwo dígí?"

Ó ní òun ò bá mi jà. Mo ní èmi ń bá a jà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Awọ dúdú tún ti gbówó lórí. Ojú ò tiẹ̀ ti ẹni tó ń tà á mọ́.

Bàtà mẹ́rìnlá ò lè dúró de Ó-Ṣeé-Ṣe, nítorí náà mo pe àwọn tó ni wọ́n pé kí wọ́n wá, kí n fi téèpù wọ̀n wọ́n sínú ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, obìnrin tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrú. Ó bọ́ bàtà, àkísà mẹ́ta jábọ́ nínú rẹ̀.

"Mà, kí lèyí?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ kíláàsì kìíní. "Ẹ má bínú. Ó ti ń fẹ̀ fún mi láti bí ọdún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ló ń rù."

"Ọdún mẹ́ta! Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ máa ń bi mí lọ́dọọdún bóyá nǹkan kan ti yí padà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín lẹ fi máa ń bi mí. Mi ò fẹ́ dà bí aláìmoore."

Mo ka àkísà yẹn sínú àwo bí ẹni tó ń ka ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Nínú bàtà tí mo fọwọ́ ara mi parí!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Gáàdì báńkì wá lónìí. Ó ti fi abẹ bẹ́ ẹ̀gbẹ́ bàtà òsì láti ọrùn ìka dé àárín, ó wá fi pólíìṣì dúdú kun ìbọ̀sẹ̀ tó yọ níbẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí i. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan. Ó wá ń bẹ̀ mí! Òun tí mo há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ló ń bẹ̀ mí pé òun ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti wọn èèyàn mẹ́sàn-án. Nínú wọn, àwọn méje ni ẹsẹ̀ wọn àti bàtà wọn ò bára mu mọ́. Mo ní téèpù ló ti na. Mo lọ ra tuntun. Mo tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Téèpù ò na.

Àbúrò ka nọ́ńbà inú ìwé náà, ó sì tì í padà síwájú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ní láti kọ èyí kí n tó sùn.

Nínú àwọn mẹ́rìnlá, Bàbá Télọ̀, aránṣọ àtijọ́, nìkan ni kò tíì wá. Mo pe ilé wọn, ìyàwó rẹ̀ ní kí a lo ìwọ̀n tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kò dun bàbá rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde lórí àga. Ẹsẹ̀ kò lè dùn ún! Ìtọ̀ ṣúgà ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ méjèèjì, èèyàn lè fi abẹ́rẹ́ gún un kó má mọ̀. Ìdí tó fi ń wọ bàtà wa nìyẹn. Bàtà tirẹ̀ ò gbọdọ̀ fún un níbi kankan.

Mo bá a lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì mú. "Ọmọ mi! O wá kí mi!" Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn adájọ́ kan tí ìbàdí rẹ̀ ò dọ́gba, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, tí òun wá rán ṣòkòtò fún tó bò ó láṣìírí. Mo kúnlẹ̀, mo bọ́ bàtà òsì. Ìbọ̀sẹ̀ ò bọ́. Mo rò pé òógùn ni. Mo rọra fà á. Ẹ̀jẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara.

Ọmọ ìka kékeré ti dúdú. Egbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gba orí ìka mi. Òórùn rẹ̀ gbà mí nímú; lókè orí mi, Bàbá Télọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín adájọ́. Kò mọ̀. Kò mọ nǹkan kan.

Mo pariwo.

"Kí ló dé? Ọmọ mi, kí ló dé?"

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín!"

Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fojú wá ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Kí ló ṣe é? Kò mà dùn mí."

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó rí i, ó ká ọwọ́ lérí. Àbúrò ló fi ọkọ̀ gbé wa dé ilé-ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ẹsẹ̀ náà níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo wọn inú bàtà. Ẹsẹ̀ fi ìdajì ínṣì fẹ̀ ju bàtà lọ. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bàtà mi ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò ju ọmọ mi lọ, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó bi mí pé, "Mà, ìgbà wo lẹ wọn ẹsẹ̀ yìí gbẹ̀yìn?"

"Oṣù kẹta ọdún yìí. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún, ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá ti tún un ṣe, màá tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fajú ro. "Kí ẹsẹ̀ fi ìdajì ínṣì fẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, omi ló ń gba ara wọn nìyẹn. Ó lè jẹ́ ọkàn. Ó lè jẹ́ kíndìnrín. Mo fẹ́ gé ìka yẹn lọ́la, ṣùgbọ́n mi ò lè kùn wọ́n lóorun títí a ó fi mọ èyí tó jẹ́."

Mo bi í pé tí egbò náà bá wá gòkè nígbà tí a ń dúró ńkọ́. Ó wò mí tààrà. Ó ní tó bá kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ìka ti tán nìyẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọkàn rẹ̀ dára. Wọ́n ṣì ń retí èsì kíndìnrín, ó di ọjọ́ Ajé. Dúdú yẹn ti ń ràn mọ́ ìka tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ ò kúrò lẹ́bàá ibùsùn.

Ó-Ṣeé-Ṣe pè mí lórí fóònù. Ó ti rí kọ̀ǹpútà irú tiwa ní yàrá ẹrù ilé-ìwé kan, lábẹ́ àga tó ti kán. Mo ní kó yára, kó yára, dókítà nílò ìwọ̀n ẹsẹ̀ Bàbá Télọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó tàn! Aago méjìlá ọ̀sán, àwòrán bàtà kékeré yọ lójú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, gbogbo ènìyàn ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá pé nínú ilé. Mo gbá Ó-Ṣeé-Ṣe mọ́ra. Mo yí sí Àbúrò, mo ní, "Àwo dígí ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà.

Mo lọ tààrà sí Bàbá Télọ̀, kí n lè tẹ̀ ẹ́ jáde fún dókítà. Ìbú ẹsẹ̀ òsì, oṣù kẹta ọdún yìí: ínṣì mẹ́ta ààbọ̀. Mo wo ti èṣín: mẹ́ta ààbọ̀. Ti ọdún tó ṣáájú: mẹ́ta ààbọ̀. Mo lọ sẹ́yìn títí, ọdún mẹ́sàn-án, nọ́ńbà kan náà, gígùn kan náà, yíyípo kan náà. Kò sí ẹsẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Mo ṣí ti ọ̀gá ilé-ìwé. Bákan náà. Mo ṣí ti gáàdì. Bákan náà.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ rántí. Mo rí ìka mi tó ń lọ fúnra rẹ̀ sí bọ́tìnnì keje lókè kíbọọ̀dù.

Prógíráàmù máa ń béèrè lọ́dọọdún bóyá nǹkan kan yí padà. Tí a bá tẹ ìkeje, gbogbo nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ á tún wọlé, á sì fi ọjọ́ òní sí i. Èmi náà á bi oníbàárà, oníbàárà á ní kò sí, màá tẹ ìkeje. Ọdún tí àìsàn bàbá wa le ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọdún yẹn nìkan ni. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé, mo sì gbàgbé pé mo gbàgbé. Mi ò purọ́ fún dókítà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ó dá mi lójú hán-únhán-ún pé mo ń wọ̀n wọ́n.

Àbúrò ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn lẹ́yìn ejìká mi. Ó jókòó lórí ìdì awọ. "Èmi ni mo gé e," ó ní. "Ọdọọdún ni mo ń gé e."

Mi ò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Bó ṣe wà lára mi ni mo fi wọ ọkọ̀ dé ilé-ìwòsàn. Mo bá dókítà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo na ìwé náà sí i. "Irọ́ ni oṣù kẹta. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mo wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ọdún mẹ́sàn-án?"

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"A jẹ́ pé kì í ṣe omi nìyẹn," ó ní. Kò bú mi. Ó bá yí padà, ó pe nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n máa múra fún àárọ̀ ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìka kan. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n gé. Èkejì ń padà bọ̀ sípò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ kí i. Ó ti ń jókòó. "Wọ́n ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á," ó sọ fún mi. "Àfi ìwọ nìkan. Ìwọ gbọ́dọ̀ kà á, torí ìwọ lo máa ran bàtà rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ìyàwó rẹ̀ bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ. Bí kì í bá ṣe ìwọ tó wá sílé wa lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ti lọ." Dókítà ò sọ fún wọn. Mo la ẹnu kí n sọ. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo sá wọ ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ní kí Àbúrò pe ẹni tó ń ta sísítẹ̀mù tuntun. Mi ò fẹ́ rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ sójú mọ́.

Ọkùnrin náà gbé àwo dígí wá, ó ní kí n dúró lé e. Ẹsẹ̀ mi yọ lójú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀, ó dára, mi ò ní purọ́. Ó ní gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ máa wọ inú tuntun bó ṣe wà, tọjọ́-tọjọ́.

Àbúrò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá ti wọlé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Àwa ńkọ́?"

Ó padà sídìí àwo dígí.

Ọkùnrin yẹn ò gbọ́ wa, ó ti ń bá tirẹ̀ lọ. Ó fi ìka kan igun ojú kọ̀ǹpútà. "Èyí tó dùn jù nìyí, mà. Ẹ ò ní máa wọn èèyàn lójoojúmọ́. Tí ẹ bá tẹ ibí, ti èṣín á tún wọlé fúnra ẹ̀."

Háà! Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé mi, mo rín in títí ẹ̀rù fi ba ọkùnrin náà. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, màá sanwó lónìí.

"Kò ṣeé yọ, mà. Òun gan-an làwọn èèyàn torí ẹ̀ ń rà á."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo ti yàn. Ti àtijọ́ la ó máa lò.

Mo pe Ó-Ṣeé-Ṣe, mo ní kó ṣe nǹkan méjì fún mi. Àkọ́kọ́, kó yọ bọ́tìnnì keje kúrò lórí kíbọọ̀dù, kó sì fi nǹkan dí ojú ihò rẹ̀. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ yọ ọ́ láìjanpata. Èkejì, kó pa gbogbo ìwọ̀n tí kì í ṣe ti àkọ́kọ́ rẹ́. Dókítà ti ní ẹ̀dà ti Bàbá Télọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó kù kò gbọdọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́.

Ó dìde dúró. "Mọ́mì! Mo wá gbogbo ìgboro kiri torí nọ́ńbà yìí! Abẹ́ àga ni mo ti yọ ọ́!"

"Mo mọ̀."

"Kí n wá fọwọ́ ara mi pa á rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò ṣeé ṣe."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kódà ọ̀rọ̀ náà ya òun alára lẹ́nu. Èmi àti Àbúrò la jókòó pa á rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń ka orúkọ, Àbúrò ń tẹ̀. Ìgbà tí a fi máa dé ìdajì, ojú ń ta mí. Orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo ń wò ó pé ta lẹni yìí, kí ló wà nínú bàtà rẹ̀, àkísà ni àbí ẹ̀jẹ̀?

Àbúrò ní, "Gbogbo ariwo tí a pa yìí, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ la padà sí." Mo ní rárá o, a ti pàdánù ọdún mẹ́sàn-án lórí ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje

Ọgọ́sàn-án èèyàn la ti wọ̀n. Orúnkún mi ò gbà mọ́, Àbúrò ti bá mi ran tìmùtìmù awọ tí mo fi ń kúnlẹ̀. Mo ń sọ òtítọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà bínú, wọ́n kó bàtà wọn lọ. Wọ́n ní ẹ̀tọ́.

Bàbá Télọ̀ nìkan ni mi ò tíì sọ fún. Mo ní kí egbò jinná ná. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Dókítà ní ó ti jinná tó láti wọ bàtà. Mo lọ sílé wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Oòrùn mú, fèrèsé wà ní ṣíṣí, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lórí àga kejì.

Mo kúnlẹ̀, mo yọ téèpù. Bàbá Télọ̀ na ọrùn, ó fún ojú pọ̀ kó lè rí i dáadáa.

"Téèpù kẹ̀? Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi téèpù ṣe?"

"Mo fẹ́ wọ̀n yín ni, bàbá."

"Ìwọ? Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí o ti fi téèpù kàn mí gbẹ̀yìn." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé mo sọ fún ọ àbí mi ò sọ fún ọ?"

"Ẹ sọ fún mi."

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ojú ló fi ń wọn èèyàn. Bí o bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ti mọ àyà rẹ, ó ti mọ ìdí rẹ. Èmi fi àádọ́ta ọdún ránṣọ, mi ò dé ibẹ̀. Ọdún tí o gbé téèpù jù sílẹ̀, mo délé, mo sọ fún ìyá yìí pé ọmọbìnrin oníbàtà yẹn ti dé ibẹ̀. Inú mi dùn títí. Ìdí tí mi ò fi ṣàròyé rí nìyẹn. Bí bàtà bá tiẹ̀ ṣòro wọ̀ fún mi, mo máa ń sọ pé ojú rẹ mọ̀ ju ẹsẹ̀ mi lọ."

Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú, mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Mi ò múra sílẹ̀ de èyí.

"Bàbá, mi ò dé ibẹ̀," mo ní. "Bọ́tìnnì kan ni mo ń tẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìkeje, oṣù kẹta, ohun tí mo sọ fún dókítà àti ọjọ́ mẹ́ta tó fi sọ nù. Mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ dìde láàárín ọ̀rọ̀ náà, ó gbé ẹ̀wà rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ, kò sì padà wá.

Bàbá Télọ̀ ń wo ẹsẹ̀ òsì, níbi tí ìka ò sí mọ́. Ó na ọwọ́. Mo fún un ní téèpù. Ó fa gbogbo rẹ̀ gba àárín ìka rẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń tọ́ ọ wò bóyá ó ti na. Ó dá a padà fún mi, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan.

Mo wọ̀n ọ́n. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ síta.

"Tún un wọ̀n," ó ní.

Mo tún un wọ̀n.